Ohun tójú mi rí lẹ́yìn tí mo bí Àkànní

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àìsùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, àmọ́ tí mo bá ti jókòó báyìí, ẹnì kan á ní òun fẹ́ tọ̀, ẹlòmíì á ní wọ́n gba bírò òun. Òru yìí tí gbogbo wọn sùn ni mo ráyè. Ọmọ mẹ́rin ni Ọlọ́run fún mi. Àjọkẹ́ lẹ̀gbọ́n pátápátá, ọmọ ọdún méje ni nígbà tí mo bí àbígbẹ̀yìn, Àlàó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, Àníkẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, kí Àkànní tó dé. Oríkì wọn ni mò ń pè yìí, ìyẹn náà ti tó.

Télọ̀ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi wà níwájú ilé tí à ń gbé l'Ápẹ̀tẹ̀ níbí, n'Íbàdàn. Èkó ni bàbá àwọn ọmọ ti ń ṣiṣẹ́, alẹ́ Fúráìdè ló máa ń wọlé, ìdájí Mọ́ńdè kí ẹnikẹ́ni tó jí ó ti wà ní garejì. Torí náà láti Mọ́ńdè títí dé Fúráìdè èmi nìkan ni, màá jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀, màá fa omi nínú kànga kí àwọn ará ilé yòókù tó jí torí tí wọ́n bá ti jí títò ni, màá gbé omi ìwẹ̀ kaná, màá po ògì, màá wá nǹkan sínú fúláàsì oúnjẹ mẹ́ta, màá wá bẹ̀rẹ̀ sí í jí wọn, Àjọkẹ́ á dìde lẹ́ẹ̀kan náà, Àlàó á dìde á tún lọ sùn sórí àga, Àníkẹ́ á ní omi gbóná, tí mo bá bu omi tútù lé e á ní ó ti tutù jù, a ó wá sọ́ọ̀kì ẹsẹ̀ kan títí ara mi á gbóná, ká tó rí i, oníkẹ̀kẹ́ tó ń gbé wọn lọ sí sùkúù ti ń fọn fèrè lẹ́nu géètì. Tí wọ́n bá lọ tán ni iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mi ò sì rí i bí ìyà nígbà yẹn o. Mo máa ń fi yangàn ni. Bí ẹnì kan bá ní "Ìyá Àjọkẹ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?" inú mi á dùn.

Oyún Àkànní ò yọ mí lẹ́nu, èmi náà ò sì fún un nísinmi. Mò ń wa máṣíìnì títí di ọ̀sẹ̀ tí mo bí i torí aṣọ ẹbí kan tó wà nílẹ̀. Ohun kan tí mo ṣe tó dáa ni pé mo ti bá olórí àjọ wa sọ̀rọ̀ ṣáájú kí wọ́n yí tèmi sí oṣù tí mo máa bímọ, owó yẹn ló sì gbà mí sílẹ̀ nígbà tó yá, ẹni tó lóyún tó ń dá àjọ kó gbìyànjú ẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, mi ò múra nǹkan kan. Ọmọ kẹrin ṣáà ni, mo ti wẹ mẹ́ta, mo ti pọ̀n mẹ́ta, mo ti já mẹ́ta lẹ́nu ọmú, kí ló tún kù tí mi ò mọ̀? Ìyá tèmi ti lọ, ìyá ọkọ mi wà lábúlé, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Mo ní kí wọ́n má da ara wọn láàmú, kí wọ́n kàn wá lọ́jọ́ ìkómọ, màá ṣe é.

Aṣọ ìkókó gan-an, mi ò ra. Àpótí onírin kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ibẹ̀ ni mo máa ń kó o sí látìgbà Àjọkẹ́, fìlà, súwẹ́tà, ìbọ̀sẹ̀, aṣọ ìtẹ́, mo sì máa ń ju káńfọ̀ sáàárín wọn kí kòkòrò má bà á jẹ́. Bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, bí gbogbo ilé tí mo mọ̀ ṣe ń ṣe é nìyẹn. Nígbà tí oṣù mi pé, mo fa àpótí jáde lálẹ́ ọjọ́ kan, mo mú èyí tí mo fẹ́ lò, mo gbọ̀n ọ́n pàtìpàtì, òórùn káńfọ̀ gba gbogbo yàrá. Mo tiẹ̀ fẹ́ràn òórùn yẹn, òórùn ọmọ tuntun ló jẹ́ fún mi. Mo kó wọn sínú báàgì ọsibítù. Mi ò fọ̀ wọ́n, mi ò sá wọn sóòrùn. Níbo ni mo ti fẹ́ ráyè?

Ọjọ́ Túsìdeè ni mo bí i, ó ké dáadáa, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ BCG tó ń dènà ikọ́ ife, wọ́n kán ti rọpárọsẹ̀ sí i lẹ́nu, wọ́n fún wa ní jẹ́ẹ̀lì tí a ó máa fi sí ìwọ́ ẹ̀, ọjọ́ kejì wọ́n ní ká máa lọ sílé. Bàbá ẹ̀ wá, ó gbé e, ó gbàdúrà fún un, ó padà s'Ékòó nírọ̀lẹ́ Wẹ́sìdeè. Ọjọ́ kẹta tí í ṣe Tọ́sìdeè, mo ti wà ní kíṣìnì.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa nìyí. Lọ́jọ́ yẹn Àkànní ń sùn, ó ń sùn ṣáá, inú mi sì dùn pé ó ń sùn. Mo ní ọmọ jẹ́jẹ́ ni, Ọlọ́run mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn mi ló ṣe fún mi ní ọmọ tí kì í dààmú èèyàn. Mo fọ aṣọ sùkúù. Mo se ọbẹ̀. Mo tún ráyè rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ kọ́sítọ́mà kan. Tí mo bá dé ibi tó wà, màá wo àyà ẹ̀ bóyá ó ń mí, màá tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Yàrá wa ò fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, gílóòbù aláwọ̀ yẹ́lò la fi ń ríran, lábẹ́ iná yẹn gbogbo wa la pọ́n.

Ìyá Ìbejì tí à ń gbé ilé kan náà ló wá kí mi nírọ̀lẹ́. Àgbàlagbà ni wọ́n, ọmọ mẹ́fà ni wọ́n ti tọ́. Wọ́n gbé Àkànní, wọ́n ń kì í, ni wọ́n bá dákẹ́ lójijì. Wọ́n ní, "Ìyá Àjọkẹ́, jẹ́ ká bọ́ síta." Mo ní ṣé kò sí o. Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n gbé e dé ẹnu ọ̀nà níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà, wọ́n fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú ẹ̀ sókè díẹ̀, ẹyin ojú ẹ̀ tó yẹ kó funfun ti pọ́n rúsúrúsú. Wọ́n fìka tẹ ṣóńṣó imú ẹ̀, wọ́n gbé ìka kúrò, ojú ibi tí wọ́n tẹ̀ yẹn dà bí èèpo ìyeyè tó pọ́n kó tó padà sí bó ṣe wà. Wọ́n ṣe àyà ẹ̀ bẹ́ẹ̀, bákan náà ni. Wọ́n bojú wò mí, wọ́n ní, "Ìgbà wo ló mu ọmú kẹ́yìn?"

Mi ò lè dáhùn. Mo dúró síbẹ̀, mò ń rò ó, mi ò rí i rò. Mo rántí iye bọ́tìnnì tí mo rán. Mo rántí iye ife ìrẹsì tí mo sè. Mi ò rántí ìgbà tí ọmọ ọjọ́ mẹ́ta mu ọmú kẹ́yìn.

Mo pe ìyá ọkọ mi lórí fóònù, wọ́n ní ibà pọ́njú ni, kí n máa gbé e sí oòrùn àárọ̀, kí n sì máa fún un ní omi glúkóòsì díẹ̀díẹ̀. Ohun tí wọ́n mọ̀ nígbà tiwọn nìyẹn, ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́. Mo sì fẹ́ ṣe é o, mo ti ń ro bí ilẹ̀ ṣe máa mọ́. Ìyá Ìbejì ló ní rárá, pé àwọn ti rí irú ẹ̀ rí ládùúgbò kan, wọ́n ń gbé ọmọ sóòrùn títí ọrùn ọmọ fi gan, ọmọ yẹn ò gbọ́rọ̀ dòní. Wọ́n ní kí n múra. Wọ́n kó àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí yàrá tiwọn, ọkọ wọn gbé wa sórí ọ̀kadà débi tí a ti rí mọ́tò, a forí lé ọsibítù ìjọba láàárín ìlú.

Ọjọ́ mẹ́rin la lò níbẹ̀. Wọ́n bọ́ gbogbo aṣọ ọrùn ẹ̀, ó ku ìtẹ́dìí nìkan, wọ́n fi nǹkan funfun bo ojú ẹ̀ kí iná má bà á lójú jẹ́, wọ́n gbé e sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù. Èmi jókòó sórí àga oníke lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Wákàtí méjì-méjì ni wọ́n ní kí n máa fún un lọ́mú, tí kò bá lè fà á, kí n fún un jáde sínú ife kí n máa fi síbí kékeré bù ú sí i lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì kan ló là mí lóye níbẹ̀ pé ọmọ tuntun tí ara ẹ̀ dá máa ń mu ọmú tó ìgbà 8 sí 12 láàárín wákàtí 24, pé èyí tó bá sùn ré kọjá àkókò, ẹ jí i, ẹ fi omi tútù pa á lẹ́sẹ̀, ẹ yọ ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀, àfi kó mu. Ó ní oorun àsùnjù lọ́mọ ọjọ́ mẹ́ta lè jẹ́ àìsàn. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Wọ́n ti ní ká wá ẹni tó máa fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, bóyá wọ́n máa nílò àtipààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ, bàbá ẹ̀ ti sáré ti Èkó dé, ó ti na apá fún wọn láti yẹ ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ wò. Ọlọ́run bá wa ṣe é, iná yẹn ràn án lọ́wọ́.

Dókítà ló béèrè lọ́jọ́ kejì. Ó gbé fìlà Àkànní sókè, ó gbóòórùn ẹ̀, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó jókòó, ó ṣàlàyé fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní nǹkan kan wà nínú ara tí wọ́n ń pè ní G6PD, òun ló ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa kí nǹkan má fọ́ ọ. Àwọn ọmọ kan wà tí tiwọn ò tó láti inú oyún, ó wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, ó sì pọ̀ lára ọmọkùnrin ju ọmọbìnrin lọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tó bá ń fa káńfọ̀ símú, tàbí tó gba ara aṣọ wọ awọ ara ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ohun tó ń jáde lára ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ ló ń sọ ojú àti ara di yẹ́lò, ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun ò sì tíì lágbára láti lé e jáde. Tó bá pọ̀ jù á wọ ọpọlọ, ó lè di etí ọmọ, ó lè má jẹ́ kó jókòó kó rìn bí ẹgbẹ́ ẹ̀, ó sì lè pa á. Mo ní ṣebí Àlàó náà wọ aṣọ inú àpótí yẹn, ọkùnrin lòun náà. Ó ní bóyá ti Àlàó tó, pé ẹnì kan ò lè fojú wò ó mọ̀, ìdí tí àwọn fi ń ní kí ẹnikẹ́ni má lò ó nìyẹn. Ó tún ní ká má fi róòbù tàbí báàmù tó ń ta sánsán kùn ún lára, kí n sì máa sọ ọ̀rọ̀ G6PD yìí ní ọsibítù èyíkéyìí tí mo bá gbé e lọ, torí oògùn wà tí kò gbọ́dọ̀ lò.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè wọ́n ní ká máa lọ. Ọjọ́ Túsìdeè tó pé ọjọ́ mẹ́jọ la sọ ọ́ lórúkọ, oyin, iyọ̀, obì, orógbó, omi, èèyàn ò pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò sí kánópì, kò sí aṣọ ẹbí. Nínú gbogbo ìkómọ tí mo ti ṣe, òun ni mo fẹ́ràn jù.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni ilé tí mo bá. Nínú ọkàn mi tẹ́lẹ̀, tí mi ò bá sí ńlé ọjọ́ kan gbogbo ẹ̀ á dàrú. Mo dé, ilé ò dàrú. Ìyá Ìbejì ti ń wẹ àwọn ọmọ, bàbá wọn ti dúró tì wọ́n láti Fúráìdè, ó ti se ìrẹsì, ó jóná díẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn gan-an Àníkẹ́ wọ sọ́ọ̀kì pupa lẹ́sẹ̀ kan, funfun lẹ́sẹ̀ kejì lọ sí sùkúù, kò sẹ́ni tó dá a padà. Ìgbà yẹn ni mo wá rí i pé àwọn èèyàn wà láyìíká mi látijọ́, èmi ni mi ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan nǹkan. Ìgbéraga ni mo pè é nígbà tí mo ronú sí i, mi ò ní orúkọ míì fún un.

Èyí tó dùn mí ju ìbéèrè Ìyá Ìbejì lọ ni ti Àjọkẹ́ ọmọ mi. Nígbà tí Àkànní pé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tíṣà ẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ àmúrelé pé ó ń sùn nínú kíláàsì. Mo fẹ́ bá a wí, mo kọ́kọ́ bi í. Ó ní tí bébì bá ké lóru, òun máa ń jí torí pé òun ò fẹ́ kó di yẹ́lò mọ́. Ọmọ ọdún méje. Òru wá, ó máa dìde jẹ́jẹ́, á fi tọ́ọ̀ṣì fóònù mi wo ojú àbúrò ẹ̀, á padà lọ sùn. Láìmọ̀, mo ti sọ ọmọ mi di ìyá kejì, torí gbogbo "Àjọkẹ́ gbé ìtẹ́dìí wá, Àjọkẹ́ wo Àníkẹ́, Àjọkẹ́ rọ ògì fún un" tí mò ń pè láàárọ̀ lálẹ́, tí àlejò bá dé màá ní òun ni igbá kejì mi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀, mo sọ fún un pé dókítà ti ní ara Àkànní ti yá, pé èmi ni màá máa wò ó lóru, pé iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó sùn. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ máa rántí?" Ẹkún gbọ̀n mí. Láti ọjọ́ yẹn, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo fún un lójúmọ́, kó gbálẹ̀ pálọ̀, tó bá ti ṣe é tán kó lọ ṣeré.

Àníkẹ́ ní tiẹ̀ padà bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé. Mo nà án lẹ́ẹ̀mejì, ó ń dùn mí dòní. Lọ́jọ́ kan ó dúró tì mí níbi tí mo ti ń pọn Àkànní, ó ní, "Mọ́mì, ẹ dá a padà sí ọsibítù." Mo wò ó, mo tú ọ̀já, mo tẹ́ Àkànní sórí bẹ́ẹ̀dì, mo bẹ̀rẹ̀ fún òun. Ó kọ́kọ́ rò pé mò ń tàn án. Mo pọ̀n ọ́n, ó ti wúwo, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti gùn, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé mi lẹ́yìn, kò sọ nǹkan kan, mo rìn yí pálọ̀ ká bí ìgbà márùn-ún, ó ní kí n sọ òun kalẹ̀. Àbí ẹ rí nǹkan? Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni. Ojoojúmọ́ ni mo ṣe é fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí n tó pọn àbúrò ẹ̀ ni màá ti pọn òun, ìtọ̀ yẹn dáwọ́ dúró fúnra ẹ̀.

Àwọn nǹkan yòókù, mo tún wọn tò. Iṣẹ́ aṣọ ẹbí, mo dá a dúró fún oṣù mẹ́ta, mo pàdánù kọ́sítọ́mà, owó dínkù gan-an, mi ò ní pa irọ́ fún yín, a jẹ ẹ̀bà lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ owó àjọ wà nílẹ̀, mo sì gba ọmọṣẹ́ kan tó ń bá mi ṣe àtúnṣe pẹ́pẹ̀pẹ́. Bàbá wọn máa ń pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù méjì nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, a ó jọ lọ aṣọ sùkúù ọjọ́ márààrún, a ó dì í ní náílọ́nù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, sọ́ọ̀kì wà nínú ẹ̀, páǹtì wà nínú ẹ̀, láàárọ̀ kálukú á mú tiẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ sùkúù tó ju méjì lọ, ẹ gbà mí gbọ́ lórí náílọ́nù yìí. Ọmú nìkan ni Àkànní mu fún oṣù mẹ́fà, kò sí omi, kò sí àgbo, ìyá ọkọ mi kùn díẹ̀, nígbà tó yá wọ́n rí bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ṣe ń yọ, wọ́n dákẹ́. Nígbà tí mo gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 6, mo dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfètòsọ́mọbíbí tí mo máa ń sá fún tẹ́lẹ̀, èmi àti bàbá ẹ̀ fẹnu kò, mo ṣe èyí tí wọ́n ń fi sápá.

Mo máa ń sọ̀rọ̀ káńfọ̀ yìí níbikíbi. Nínú ọjà, lọ́jọ́ àjẹsára, ní ṣọ́ọ̀bù mi tí aláboyún bá wá gbà aṣọ. Àwọn kan máa ń bínú, wọ́n á ní "ṣebí òun ni wọ́n fi tọ́ wa." Òótọ́ ni, òun ni wọ́n fi tọ́ wa. Àmọ́ ọmọ mélòó ni wọ́n sin nígbà yẹn tí wọ́n ní ibà pọ́njú ló pa á, tí ẹnikẹ́ni ò wo inú àpótí?

Àbúrò mi obìnrin lóyún báyìí, oṣù tó ń bọ̀ ni, ó ní kí n wá aṣọ ìkókó fún òun. Mo fa àpótí yẹn jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò sí káńfọ̀ níbẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà, síbẹ̀ mo fọ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sá a sóòrùn ọjọ́ mẹ́rin. Àkànní ń sáré káàkiri lábẹ́ okùn aṣọ, ó ń fà á, mò ń lé e. Nígbà tí mo fẹ́ máa ká a, Àjọkẹ́ ti ilé kéú dé, kò tíì bọ́ híjáàbù ọrùn ẹ̀, ó wá jókòó tì mí. Ó ń mú aṣọ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, súwẹ́tà, fìlà, ìbọ̀sẹ̀ tó kéré bí àtàǹpàkò, ó ń gbé e símú, ó ń fà á dáadáa, á wá gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Kò rùn, Mọ́mì."

Á mú òmíì.

"Èyí náà ò rùn."